Oyún tí Wọ́n Ní Ó Sá sí Ẹ̀yìn Mùlíkátù

Ní agboolé wa ní Ìjẹdè, bí nǹkan oṣù obìnrin bá dá tí ikùn rẹ̀ kò sì yọ, a kì í pè é ní àìsàn. A ó ní oyún náà ti sá sẹ́yìn, pé ó ń sùn lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Irú oyún bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ojú dókítà, nítorí ẹ̀rọ lè lé e lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún Mùlíkátù nìyẹn, inú sì ń bí mi sí i títí dòní.

Ìyálé mi ni Mùlíkátù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ìdrís, ló fẹ́ ẹ láti Èjìnrìn. Àwọ̀n ló ń tún ṣe fún àwọn apẹja, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí wọ́n bá gbé àwọ̀n tó ti ya wá, á ní, "Ṣé ẹja lẹ fi èyí pa ni, àbí ẹ fi jà?" Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá.

Màmá, ìyá àwọn ọkọ wa, ra ọ̀já tuntun de ọmọ náà. Wọn kò jẹ́ kí n fi pọn Salman, ọmọ tèmi. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á wá síwájú Mùlíkátù, wọ́n á wo ikùn rẹ̀, wọ́n á ní, "Àlejò mi, káàárọ̀ o. Má pẹ́ mọ́." Mùlíkátù á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ń kí yín, Màmá." Ọdún ń gorí ọdún.

Nígbà tó yá, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, òógùn á bò ó nínú ọyẹ́. Màmá ní ọmọ ló ń jí bọ̀.

Mo ní, "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ ká lọ ṣàyẹ̀wò."

"Ṣùkúrátù, bí mo bá lọ, tó bá sá, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Mo fi ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Mùlíkátù dákú sórí àwọ̀n ni Ìdrís tó gbà ká gbé e lọ. Èmi náà bá wọn lọ sílé ìwòsàn kan nítòsí ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, dókítà obìnrin kan pè wá jókòó.

"Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà, mà. Wọ́n máa ń ránṣẹ́ síra wọn nínú ẹ̀jẹ̀ pé ọ̀tá wà níbí, ẹ máa bọ̀. Nínú ilé ẹyin, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé họ́móònù tí ọpọlọ ń rán ni wọ́n ń gbọ́, kí wọ́n tó tọ́ ẹyin dàgbà. Nínú ara yín, àwọn ọmọ ogun ṣèèṣì ka ilé ẹyin sí ilé ọ̀tá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán pọ̀ débi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn kò gbọ́ ti ọpọlọ mọ́. Ọpọlọ ń pariwo, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kú, tàwọn tẹyin. Òun ló dá nǹkan oṣù yín dúró, òun ló sì ń fa ooru yẹn."

"Oyún ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

"Kò sí oyún níbẹ̀ rí, mà."

Mùlíkátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ká ní mo ti wá tipẹ́ ńkọ́?"

"Bóyá à bá bá ẹyin díẹ̀ níbẹ̀, ká gbà á pamọ́. Mi ò lè búra."

Kò sunkún. Ìdrís ló sunkún nínú ọkọ̀, ó sì ń bẹ̀ wá ká má tíì sọ fún Màmá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n gbá a létí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá kírun tán, wọ́n wá síwájú Mùlíkátù níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. "Àlejò mi, káàárọ̀ o. Má pẹ́ mọ́."

Ìdrís wolẹ̀. Mùlíkátù gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀, ó fọwọ́ lé ikùn.

"Ó ń kí yín, Màmá."

Inú Màmá dùn. Wọ́n wọlé lọ gbé ọ̀já náà jáde, wọ́n sá a sóòrùn.