Ọmọkùnrin Tó Ń Túmọ̀ Mi fún Ìyá Mi

Owú ò ṣe é bò mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mò ń jowú ọmọkùnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní Libreville. Nàgó ni, Yorùbá orílẹ̀-èdè Benin. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò sì mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Ìyá mi ló gbà lọ́wọ́ mi.

Gabon níbí ni wọ́n bí èmi sí. Bàtà ni ìyá mi ń tà ní ọjà Mont-Bouët láti kékeré mi, Faransé ni mo sì fi kàwé dé yunifásítì. Yorùbá tèmi, ti ìjà àti ti oúnjẹ ni. Kẹ́nì kan gbìyànjú àtirẹ́ mi jẹ lọ́jà, ẹ ó gbọ́ Yorùbá! Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ mi lẹ́nu. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe ẹ̀dà odò kan tó wà lẹ́yìn ìlú Ntoum. Mò ń dín omi rẹ̀ kù, mò ń fi kún un, kí n lè mọ ìgbà tí ẹja kékeré kan tó ti fẹ́ parẹ́ níbẹ̀ ò ní ríbi yé ẹyin sí mọ́, torí pé àwọn kan fẹ́ kọ́ dáàmù tó máa sé omi sókè odò náà. "Ẹja ló ń kà," ni ìyá mi máa ń sọ fáwọn aládùúgbò, á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ọmọkùnrin yìí wá kí wa nílé ní àdúgbò Oloumi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì wọlé tán tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ìsinmi o, Ìyá. Ẹ kú ọjà àná." Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ẹran tó fi pamọ́ fún mi ló bù fún un. Ẹran tèmi!

Bó ṣe jẹun tán, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe?" Ó fa abọ́ omi tó fi fọwọ́ mọ́ra, ó kó egungun ẹran sínú rẹ̀. "Òkúta ìsàlẹ̀ odò nìyí. Àárín rẹ̀ lẹja ń yé ẹyin sí. Bómi bá fà, òkúta á yọrí, ẹyin á gbẹ. Bó bá sì pọ̀ jù, á gbá ọmọ ẹja lọ. Èyí tó bá a mu ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá."

"Háà! Ohun tó ń ṣe nìyẹn?" Ìyá mi tẹjú mọ́ abọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń retí kó bi mí! Ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹja náà á yè?" Kò tiẹ̀ wò mí. Ọmọkùnrin náà ló bi.

Mo já ọ̀rọ̀ gbà, àfi Faransé ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní bí wọn ò bá fi omi tó tó sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹja náà tán nìyẹn. Faransé ọjà nìkan ni ìyá mi gbọ́, ló bá yíjú sí ọmọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó túmọ̀ mi: "Ó ní á yè, Ìyá, lágbára Ọlọ́run."

Mo mọ ìdí. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í sọ ìròyìn burúkú fún àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún èèyàn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹja mi ni! Ìyá mi ni!

"Irọ́ ni!" Mo ti dìde. "Màámi, ẹ má dá a lóhùn! Kò ní yè! Ẹ wò ó!" Mo ń bu omi inú abọ́ dà nù títí egungun fi yọrí. "Bí wọ́n ṣe máa ṣe é nìyí! Oòrùn á yan ẹyin yẹn gbẹ, wọ́n á sì máa pè é ní ìdàgbàsókè! Mo sọ, mo sọ, etí ikún ni wọ́n kọ sí mi!"

Ọmọkùnrin náà dorí kodò. Ìyá mi wo egungun inú abọ́, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ yìí," ó ní, "o gbọ́ Yorùbá tó báyìí, o wá jẹ́ kí n máa bá ọ gbélé láti ọjọ́ yìí, n ò mọ ohun tó ń dùn ọ́?"