Àmì Abẹ́ Ọ

Mo ti kọ Àdúrà Olúwa sára ìyẹ́ ẹ̀fọn rí, láti "Baba wa" títí dé "Àmín", ẹ̀fọn náà sì ń fò lọ ní tirẹ̀. Ní Festac níbí ni. Nígbà tó bà lé pásítọ̀ àdúgbò wa tó sì jẹ ẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni pásítọ̀ dìde, tó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ẹ̀fọn náà.

Ìgbà tí ọwọ́ ṣì ń gbọ́ tèmi nìyẹn. Ní báyìí, bí mo bá gbé ife ẹ̀kọ, àgbọ̀n mi ló máa ń kọ́kọ́ mu.

Ìdí lọ́rì ni mo ti jẹun láyé mi. Ní Mile 2, èmi ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ fún àwọn awakọ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ìdí lọ́rì tí mo kọ̀wé sí pọ̀ ju ìwé tí olùkọ́ mi kà lọ. Nígbà tí mi ò lè gun àkàbà mọ́, mo sọ iṣẹ́ náà di kékeré. Mo ń fi pákó àti agolo mílíìkì kan lọ́rì tí kò gùn ju apá lọ, rọ́bà bàtà sílípáàsì ni mo fi ń ṣe táyà, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí i nídìí bíi ti àgbà ọkọ̀.

Ògiri kan ló pààlà èmi àti aládùúgbò mi, akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun náà ń fi nǹkan kékeré ṣeré. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń fi ọkọ̀ òfuurufú oníke ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, á sì máa fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀. Kì í fi ọwọ́ kọ nǹkan kan sí i. Sítíkà olómi ló ń lò. Á rẹ bébà kékeré sínú àwo omi, àwòrán á yọ̀ kúrò lórí bébà, á fi búrọ́ọ̀ṣì rọra tì í sára ìyẹ́ ọkọ̀, á sì lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀," ló máa ń wí. "Àwọn lẹ́tà yín ti ń mutí."

"Ó sàn kí wọ́n máa mutí," ni mo máa ń dá a lóhùn, "ju kí wọ́n nà gbalaja bí òkú lórí ẹní, bíi tìrẹ."

Eré wa nìyẹn, títí ọ̀rọ̀ ìyá kan ní Kuje, ẹ̀bá Amuwo níbí, fi dé.

Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá yìí bí, awakọ̀ lọ́rì ni. Èmi ni mo kọ̀wé sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀: MO N BỌ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni. Ilé ta ni wọ́n ti ń sọ pé "Mò ń lọ"? Ẹni tó ń lọ gan-an, "Mò ń bọ̀" ló máa wí. Ojú ìyá náà ti fọ́ nígbà yẹn. Ọmọ rẹ̀ á mú ìka rẹ̀, á gbé e lé ọ̀dà tó ti gbẹ, á máa fà á lọ: "M nìyí, Màámi. O nìyí." Bí wọ́n bá dé àmì abẹ́ Ọ, ìyá á ní, "Òun nìyí, ọmọ tó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀." Gbogbo ìwé tó mọ̀ ọ́n kà láyé kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́rì náà gbiná lọ́nà Abúlé Adó, ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé bọ̀ láti ibẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ìyá fọwọ́ kàn án. Ìyàwó ọmọ náà nìkan ló rí i. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ń fi ìka wá ara ògiri kiri, bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n ṣe lọ́rì náà ní kékeré fún òun, kí ọ̀rọ̀ náà wà nídìí rẹ̀, kí òun ṣáà rí nǹkan fọwọ́ kàn.

Mo kan lọ́rì tán. Ó ku ọ̀rọ̀, ọwọ́ mi kọ̀. M mi dà bí ilé tó fẹ́ wó. Akọ̀wé wò ó, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe eré. Ẹ jẹ́ kí n lọ tẹ̀ ẹ́."

Ojú tì mí, mo gbà. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Amuwo, ó rẹ ẹ́ sómi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kí n sọ òdodo, ó rẹwà ju tèmi lọ. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a gbé e lọ sí Kuje.

Ìyá fọwọ́ pa táyà, ó fọwọ́ pa orí ọkọ̀, ó dé ìdí rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń yọ̀ lọ.

"Ọ̀rọ̀ dà?"

"Ó wà lábẹ́ ìka yín gan-an, Màmá," ni Akọ̀wé wí.

"Ìka mi ò rí i. Bàbá, àbí ẹ ò kọ ọ́ ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná wá a. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè kà á fún un. "Ó wà níbẹ̀, Màámi. Wọ́n ní mò ń..." Ó gbójú sókè wo Akọ̀wé. "Kò sí àmì lábẹ́ rẹ̀. 'Mò ń bó' lẹ kọ."

Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kò mọ àmì, Akọ̀wé náà kò sì wò ó. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Ó ṣáà máa yé ẹni tó bá kà á."

"Ó yé mi," ni obìnrin náà wí. "Èmi ni mo rí i. Ó bó lóòótọ́."

Lábẹ́ èékánná ìyá, etí sítíkà náà ti ń ká sókè, òun náà ń bó.

Nígbà tá a gbé lọ́rì náà délé, mo ha ìyókù sítíkà rẹ̀ kúrò. Bí mo ṣe ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà ni Akọ̀wé wá jókòó tì mí, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ẹ rọra, Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹ́ ẹ̀fọn kọ́ lẹ ń kọ̀wé sí."

"Ìwọ ṣáà dì mí mú, oní-sítíkà."

Bí ọ̀dà kan bá gbẹ, a ó tún kun òmíràn lé e, títí lẹ́tà fi yọ sókè bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó. N ṣì wọ́. Àmì abẹ́ Ọ ni mo fi parí rẹ̀, ẹ̀kán ọ̀dà kan.

A gbé e padà lọ. Ìka ìyá gun M, ó yí O ká, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ gba inú N, ó kọjá B, ó yí Ọ ká, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí àmì náà, ó dúró. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi ti dé." Gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn èèyàn a sì máa nu ojú. Ẹ rò pé ẹ̀fọn ni irọ́ ibẹ̀. Irọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbà gbọ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹ̀rín ìyá yẹn ni mo fi kún un. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé ọmọ òun dé. Ìka rẹ̀ pẹ́ lórí àmì náà, lẹ́yìn náà ó dojú lọ́rì bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ní, "Irọ́ lọmọ mi pa fún mi."

Ẹ̀fọn àti ẹ̀rín yẹn ni irọ́ tèmi. Ìyókù rí bẹ́ẹ̀.