Tíṣà ò lè dúró de Múínátù

Tíṣà ọmọ ọmọ mi mọ̀ pé ọmọ náà ò lè kàwé, kò sì ráyè kọ́ ọ.

Kíláàsì kẹrin ni Múínátù wà, ní Ṣàngó níbí. Láàárọ̀ yìí, mo ní kó ka ìlà kan péré fún mi nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Kò lè kà á. Mo bá tẹ̀ lé e lọ síléèwé.

Tíṣà ní, "Bàbá, mo mọ̀. Wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dúró kọ́ wọn?"

"Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ò jẹ́ n dúró, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tiẹ̀. Táwọn tó ń yẹ̀ wá wò bá dé, ibi tí mo bá iṣẹ́ dé ni wọ́n ń bèèrè. Wọn kì í ní kọ́mọ kankan kàwé sáwọn létí."

Mo ní, "Nílé-kéwú, Ààfáà kì í ṣí ọmọ síwájú àfi tó bá mọ ibi tó wà. Múínátù yìí náà ń ka súrà bí ẹní ń mumi!"

"Bàbá, ó wu èmi náà kí n ṣe bẹ́ẹ̀." Omi ti lé sójú rẹ̀.

Bí mo ṣe ń lọ, Múínátù sáré bá mi lẹ́nu géètì.

"Bàbá àgbà, ẹ má bá àǹtí mi jà. Èmi ni mi ò ní làákàyè."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí tó máa gbà gbọ́?