Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀ fún Ọ̀gá Onípósí

Bí mo bá ń rántí àwọn Sọ́ńdè ilé wa ní Kétu, òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú. Owódé Onírin ni bàbá mi ti ń ta páàtì mọ́tò, kò sì sí ọṣẹ tí wọn ò tíì fi fọ ọwọ́ wọn, òórùn yẹn ò lọ. Òun náà ni wọ́n máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ògbufọ̀ ni wọ́n níbẹ̀. Pásítọ̀ á sọ gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, bàbá mi á gbà á, wọn á sì fi Yorùbá sọ ọ́ fún àwọn ìyá tó jókòó lápá ẹ̀yìn. Bí pásítọ̀ bá pariwo, bàbá mi á pariwo. Bí pásítọ̀ bá fò sókè, bàbá mi náà á fò díẹ̀, níwọ̀n tí orúnkún wọn bá gbà. Àwọn ìyá yẹn máa ń sọ pé ti ògbufọ̀ dùn ju ti oníwàásù lọ, pásítọ̀ náà sì mọ̀ pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ náà kì í parí sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, tí a bá ti jẹ ìrẹsì tán, kátúùnù kan wà lórí díṣì wa tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà, ẹ̀fẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́rùn gígùn kan tó ń kan pósí ló wà níbẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, àti ìyá ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti kan pósí tirẹ̀ sílẹ̀ ó pẹ́, ṣùgbọ́n tó kọ̀ tí kò kú. Nílé wa, a kì í pe eré náà ní orúkọ tí àwọn òyìnbó tó ṣe é sọ ọ́. Ọ̀gá Onípósí ni bàbá mi sọ ọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Màmá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá onílé tí yàrá wọn kọjú sí tiwa ò gbọ́ ọ ju kí wọ́n kí èèyàn láàárọ̀ lọ. Nítorí náà, bàbá mi á dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù títí á fi dà bíi pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọn á wá máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Onípósí ní ohùn aláàárù ọjà Mile 12 tí ẹrù wà lórí rẹ̀ tí ẹnì kan sì dúró sí i lójú ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ní ohùn obìnrin tó ń darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá ìyàwó ni bàbá mi fi ohùn ìyá tiwọn sọ, ìyá àgbà tó wà lábúlé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ọjọ́ kan wà tí ìyá ìyàwó náà wọnú pósí rẹ̀ lọ kó lè mọ̀ bóyá ó bá òun mu. Ó nà gbalaja, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ nǹkan kan. Bàbá mi wo ojú wa, wọ́n wá fa ọ̀rọ̀ náà jáde pé: “Ìrọ̀rí dà?” Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ní ká gba àwọn mú. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀rọ̀ ilé wa. Bí ọbẹ̀ bá dé tí ẹran ò sí nínú rẹ̀, bí iná bá dé tó tún lọ lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan á ní “Ìrọ̀rí dà?”, gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi tí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì ń fi yangàn fún gbogbo àdúgbò, n kò fìgbà kan bìkítà láti tẹ́tí sí ohun tí àwọn òyìnbó yẹn ń sọ gan-an. Ti bàbá mi ló dùn mọ́ mi. Síbẹ̀, níléèwé, mo máa ń lérí pé kò sẹ́ni tó mọ eré náà tó mi. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe é dá a dúró. Bàbá mi bá wọn bínú bí ẹni pé wọ́n lé àwọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà tí mo ti jáde iléèwé ni ọjọ́ burúkú náà dé. Pásítọ̀ sọ gbólóhùn tiwọn, wọ́n dúró de bàbá mi. Bàbá mi la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún gbìyànjú, ohun kan náà ló jáde. Ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá bú sí “Halelúyà!” Wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé ògbufọ̀, pé èdè àjèjì ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ń tẹ dùùrù mú orin. Nígbà tí bàbá mi ṣubú, àwọn ọkùnrin kan gbà wọ́n mọ́ra bí wọ́n ṣe máa ń gba ẹni tí Ẹ̀mí bì ṣubú, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Màmá mi ló sáré láti ẹ̀yìn wá, tí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi sókè, tí ọwọ́ náà sì já bọ́ pàá.

“Ẹ dákẹ́!” ni màmá mi ń ké. “Ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́! Ọkọ mi ò lè gbé ọwọ́!”

Ká tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Bàbá mi yè é, wọ́n tún ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín yàrá. Ọ̀rọ̀ ni kò padà. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní ká má jẹ́ kó sú wa, pé nǹkan tí èèyàn fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ lè fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. A kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn, a bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ọjà Owódé, wọ́n kàn ń mi orí ni. Kò sí ohun tí màmá mi ń bẹ Ọlọ́run fún mọ́ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ, ì báà jẹ́ èébú.

Ibi iṣẹ́ mi ní Magodo ni mo wà nígbà tí mo rí i lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ dá Ọ̀gá Onípósí padà, pẹ̀lú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo pariwo débi tí ẹni tó jókòó tì mí fi ní, “Aunty, ṣé tẹ́tẹ́ lẹ jẹ ni?” Lójú tèmi, ó ju tẹ́tẹ́ lọ. Mo ti rí i lọ́kàn mi bí bàbá mi ṣe máa la ẹnu.

Lọ́jọ́ tí eré náà dé, màmá mi wọ aṣọ funfun fún bàbá mi. Ìyá onílé gbé àga wọn wá. Mo so fóònù mi mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè dáadáa, nítorí kò sẹ́ni tó máa bá wọn sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ àwọn èèyàn náà fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ rírùn ló ń jáde. Onípósí ń fi ara ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tí ìyá ìyàwó sì fi fèsì, ojú tì mí láti gbọ́ ọ níwájú òbí mi.

“Ṣé àwọn èèyàn wa yẹn nìyí?” ni ìyá onílé béèrè. “Kí ló ń bí wọn nínú?”

Bàbá mi fi ọwọ́ òsì lu apá àga, wọ́n ń nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi pé kí n dín ohùn rẹ̀ kù ni. Mo dín in kù. Onípósí la ẹnu, bàbá mi náà la ẹnu. Ètè wọn ń bá tirẹ̀ lọ. Ó kan ìyá ìyàwó, bàbá mi fa ètè gùn fún un. Kò sí ohùn. Màmá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu ọkọ wọn, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Kí ni wọ́n wí?”

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń béèrè, ti bàbá mi ni. Omi ń dà lójú bàbá mi, ètè wọn ò sì dúró títí eré náà fi parí. Ìyá onílé rọra gbé àga wọn, wọ́n lọ.

Inú bí mi gidigidi. Mo wọ ibi tí àwọn òǹwòran ti ń fèsì lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn kan ń yọ̀, wọ́n ní ó dà bíi pé ọ̀rẹ́ àwọn ti ìlú òkèèrè dé. Àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi síbi tó sùn sí. Mo dá sí i: ẹ ti ba eré yìí jẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ rírùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tọkọtaya àti ọmọ lè jọ jókòó wò ó. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Aunty, na which one you dey watch?”

Mo wá àwọn ti àtijọ́ lọ kí n lè dójú tì wọ́n. Mo rí ibi tí ìyá ìyàwó ti wọ pósí. Ó nà gbalaja, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ̀rọ̀. N kò ní kọ ohun tó sọ síbí. Kò sí ìrọ̀rí níbẹ̀. Mo wo òmíràn, mo tún wo òmíràn, bákan náà ni gbogbo wọn. Wọn ò bà á jẹ́ o, bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ló ń jókòó sáàárín àwa àti wọn, tí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó yẹn nù, tí wọ́n ń fi ti ara wọn sí i. Eré tí mo ń fi yangàn pé mo mọ̀ yẹn, kò sí níbòmíràn láyé ju pálọ̀ wa lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ wa nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó rò ó láti gba ohùn bàbá mi sílẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí bàbá mi kú. Wọ́n ṣí pósí nínú ọgbà ilé kí á lè rí wọn. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n tún kọ́là aṣọ bàbá mi ṣe, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá fa ohùn gùn pé: “Ìrọ̀rí dà?” Ọ̀kan nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rò pé wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́ ni, ó sáré wọlé lọ mú ìrọ̀rí wá. Èmi àti ìyá onílé di ara wa mú, a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún mọ́ wa lẹ́nu. Wọ́n sì fi ìrọ̀rí náà sí abẹ́ orí bàbá mi, òun ni wọ́n gbé lọ sí sàréè.

Wọ́n ṣì ń ṣe eré náà lọ, àwọn òǹwòran sì ṣì ń jà lé e lórí. N kò dá sí i mọ́. Bí mo bá rí ẹni tó ń fi ìbínú kọ ọ́ pé ti tẹ́lẹ̀ ló dáa, mo máa ń rò ó pé ta ló jókòó tì í nígbà tó ń wo ti tẹ́lẹ̀. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, màmá mi á ní kí n tan Ọ̀gá Onípósí fún àwọn. Mo máa ń dín ohùn rẹ̀ kù, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ mọ. Wọn á fetí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọn á wá mi orí.

“Wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Àwọn tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy,” ni mo máa ń sọ, màá sì máa bá ìtumọ̀ mi lọ.