Ẹran Àgùntàn àti Ọsàn Wẹ́wẹ́

Ìyàwó mi kì í fi ata súyà sí ẹran. Ó ti bá ará Lẹ́bánónì kan dáná kí a tó fẹ́ra. Ibẹ̀ ló ti kọ́ láti sun ẹran àgùntàn, kó sì da omi ọsàn wẹ́wẹ́, aáyù, kùkúḿbà àti ewé tútù tó rẹ́ wẹ́wẹ́ lé e. Gbogbo Iléyá ló ń sun ún lẹ́yìnkùlé wa ní Ìgàndó.

Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ìyàwó wa, ṣé ewúrẹ́ lo pè wá ni, tó o fi ń fún wa léwé jẹ?"

"Ẹ jẹ ẹ́ ná, sà. Tó bá ṣẹ́kù, ẹ bú mi."

Kì í ṣẹ́kù.

Ìyàwó mi kì í wọn nǹkan kan tó bá ń po ewé náà. Á kán díẹ̀ nínú omi rẹ̀ sí mi lẹ́yìn ọwọ́, á bi mí pé, "Dádì wọn, kí ló kù?" Màá lá a, ojú mi nínú ìwé ìròyìn, màá ní ó dáa. Á rẹ́rìn-ín, á sì tún fi nǹkan kan sí i. N kò wo ohun tó jẹ́ rí.

Iléyá tó kọjá ni àkọ́kọ́ tí kò sí láyé. Ọmọ wa obìnrin ló sun ẹran. Ó po ewé náà, ó tọ́ ọ wò.

"Kò jọ ti Mọ́mì. Dádì, kí ni wọ́n máa ń fi sí i gbẹ̀yìn?"

Mo ní bóyá iyọ̀ ni.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù."

Mo ní bóyá ọsàn. Ó tún fún ọsàn sí i, ó tọ́ ọ wò, ó mirí. Ó ń wò mí, ó ń dúró de èsì. Ẹran ti ń jóná, kò sì sí ẹni tó rántí yí i nínú wa.