Ọjọ́ Tí Kíláàsì Adébùnmí Dákẹ́

Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín yàrá tí mo ti ń kọ́ ọmọ àti ti Adébùnmí níyà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Bàrígà. Ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń kọ́ ní báyọ́lọ́jì. Bẹ́ǹṣì fara kan bẹ́ǹṣì débi pé olùkọ́ kò lè rìn dé ẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ gbà pé a kò lè pín irú èrò bẹ́ẹ̀ sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Àṣìṣe ni. Adébùnmí kò sún bẹ́ǹṣì kankan. Ó ní kí àwọn tó wà níwájú kọjú sí àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ẹgbẹ́ sì dé. Ó gbé ẹja tútù láti Ìlàjẹ, àdúgbò rẹ̀, sí àárín wọn kí wọ́n wá ibi tí ẹja fi ń mí. Àwọn tí kì í lanu tẹ́lẹ̀ wá ń jiyàn.

Ṣùgbọ́n etí ni ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá, fi ń wọn olùkọ́. Ó bi Adébùnmí níṣojú gbogbo wa bóyá ọjà ẹja Ìlàjẹ ló kó wá síbí. Ó ní bí òun bá tún gbọ́ ariwo, òun yóò gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún Adéjìmí, olùkọ́ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ pé pàṣán ló fi ń kọ́mọ.

Àwọn ọmọ gbọ́ èyí. Wọ́n ní kí Hadassah, tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, máa ṣọ́nà. Bó bá ti rí àgbàlagbà tó ń bọ̀, yóò kan bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn yóò sì yíjú síwájú, wọn yóò ká ọwọ́ jọ. Adébùnmí kò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn.

Nígbà tó yá, obìnrin olùbẹ̀wò kan dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, tó ń wá olùkọ́ tó ń jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wádìí ẹ̀kọ́. Inú Adébùnmí dùn. Bí ẹni yìí bá fojú ara rẹ̀ rí i, ta ni yóò tún gba kíláàsì náà? Ó pín ẹja, ìjiyàn bẹ̀rẹ̀.

Hadassah rí ọ̀gá àgbà lẹ́yìn àlejò. Ó kan bẹ́ǹṣì.

Ohùn kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ fi kí àwọn méjèèjì, wọ́n sì jókòó wọ̀ọ̀.

“Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń kọ́ wọn?” ni olùbẹ̀wò bi í.

“Rárá, mà. Wọ́n máa ń kọjú síra wọn ni. Ó yá, ẹ yíjú padà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.”

Kò sẹ́ni tó mira. Ọ̀gá Àjàlá ni wọ́n ń wò. Bí Adébùnmí bá sọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́, ó fi ọ̀gá sùn níṣojú ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ó di òpùrọ́ lójú olùbẹ̀wò.

“Ojú ló ń tì wọ́n, mà,” ó ní.

Olùbẹ̀wò ní kó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́ bí a ṣe ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́. Ọ̀gá sin àlejò jáde, ó padà wá.

“Àǹtí Adébùnmí, kíláàsì yín ti wá dà bí kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni kó máa wà o. Mi ò gbà á lọ́wọ́ yín mọ́.”

Bó ti lọ tán, mo gbọ́ ohùn Hadassah: “Mà, a ti gbà yín sílẹ̀.”

Adébùnmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó ẹja wá síwájú, kí gbogbo wọn sì kọjú sí pátákó. Lẹ́yìn náà, ìró ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lórí pátákó nìkan ni mò ń gbọ́, títí aago fi lù.