Ọjọ́ Tí Mo Dá Ìyá Mi Padà Lójú Títì

Lọ́dún tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba kéde kónílé-gbélé, òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ní Mayfair. Wọ́n kó wa jáde ní ọ́fíìsì, wọ́n pín wa sí ojú ọ̀nà. Ọ̀nà tó jáde lọ sí Ẹdúnàbọ̀n àti Ìpetumodù ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Dúrọ́ọ̀mù méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n gbé igi gbọọrọ kan dábùú orí wọn, èmi àti ọlọ́pàá kan la sì ń ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wo ìgbóná ara àwọn èèyàn, kí n sì yẹ ìwé ìyọ̀ǹda wọn wò. Ẹni tí kò bá ní ìwé kò gbọdọ̀ kọjá. Ọlọ́pàá ló nìbọn, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló ń wò.

Mi ò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Àrùn yẹn ti mú ẹnì kan lọ láàárín wa, obìnrin kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọjọ́ Ẹtì ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi sin ín, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ sún mọ́ sàréè. Nítorí náà, táwọn èèyàn bá ń pariwo lé mi lórí pé irọ́ ni, pé ìjọba kàn fẹ́ fìyà jẹ àwọn ni, mi ò kì í dá wọn lóhùn. Mo mọ ohun tí mo rí.

Ẹdúnàbọ̀n ni ìyá mi ń gbé, kò jìnnà rárá sí ibi tí mo ń dúró sí. Síbẹ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí a ti fojú kan ara wa kẹ́yìn. Orí fóònù la ti ń kíra, ó sì kórìíra fóònù. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá àgbẹ̀ kan ti inú ìlú dé. Kẹ̀kẹ́ ló ń tì, apẹ̀rẹ̀ òfìfo méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní tòmátò òun ti pọ́n lóko, níwájú díẹ̀.

"Ìwé yín dà, bàbá?"

"Ìwé wo? Oko mi ni mò ń lọ."

"Ẹ lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì, ẹ ó kọjá."

"Mo lọ níjẹta, mo lọ lánàá. Wọ́n ní ẹni tó ń buwọ́ lù ú kò wá, pé òun náà gbélé."

Ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà nawọ́ sí igbó ẹ̀gbẹ́ títì.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ń gbà á lójoojúmọ́. Èmi ò ní gbà á. Mi ò jalè, mi ò lè máa yọ́ wọ oko ara mi."

Mo ní kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi kaṣú kan, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Oòrùn ń mú, ìbòmú mi ti rin fún òógùn, mi ò sì mọ ibi tí ǹ bá kọjú sí tí mi ò ní rí ojú bàbá yìí.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀kadà kan já èrò sílẹ̀ lókèèrè, ní apá Ẹdúnàbọ̀n, ó yí padà kíá. Obìnrin àgbà kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìborùn bo imú, ó gbé báàgì kan dání. Ìrìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ìyá mi ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba o," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí. Mo se ẹ̀fọ́ yánrin wá. Màá sùn lọ́dọ̀ ẹ lónìí, tó bá di ọ̀la, màá padà."

Nínú ìwé ìlànà tí wọ́n fún wa, àyè wà fún aláìsàn, àyè wà fún ọkọ̀ oúnjẹ. Kò sí àyè fún ẹni tí àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ. Ọlọ́pàá sún mọ́ mi.

"Madam, ṣé màmá yín nìyí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá jàre. Ta ló máa bi yín?"

Mo wo abẹ́ igi kaṣú. Bàbá yẹn ti nàró, kò mú ojú kúrò lára mi. Mo tún wo ìyá mi.

"Màmá, ṣé orí ò fọ́ yín? Ṣé ara yín ò gbóná?"

"Orí ò fọ́ mi. Àbí o fẹ́ kí n purọ́ ni?"

Ńṣe ló dà bíi pé èmi gan-an ni wọ́n há mọ́ àárín dúrọ́ọ̀mù méjèèjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìjọba?"

"Èmi ni, Màmá."

Kò jà. Ó gbé báàgì náà sílẹ̀ lẹ́bàá igi tó dábùú ọ̀nà, ó fà sẹ́yìn kí n lè mú un. Mo ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ariwo fèrè ọkọ̀. Jíìpù dúdú méjì ló ń bọ̀ láti inú ìlú, a ò rí ẹni tó wà nínú wọn. Ọlọ́pàá sáré, ó di etí kan igi náà mú, ó kígbe pé, "Madam, ẹ bá mi gbé e!" Mo sáré bá a gbé e. Wọn ò tilẹ̀ dẹ eré. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ìwé, ẹnikẹ́ni ò wo ìgbóná ara. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, inú koríko ni mo ti rí ìyá mi tó yà fún wọn, ó ń gbọn ìró rẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi. "Ẹ ṣeun o," ló sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá torí ìyá mi tí mo dá padà ni àbí torí jíìpù, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí ìlú. Ìyá mi náà yí padà. Kò sí ọ̀kadà, ó ń fẹsẹ̀ rìn, mi ò sì lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ sìn ín. Mo ń wò ó títí ó fi gba kọ́nà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ ọ̀gá wa kó gbé mi kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Tí kálukú bá ń ṣe bó ṣe wù ú, ta ló máa kù láàyè?" Òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i gan-an ni mo lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó gbé oúnjẹ fún mi, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Ó pẹ́ gan-an kó tó sọ ọ́, lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí.

"Pé o dá mi padà, kò dùn mí. Iṣẹ́ rẹ ni. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ yẹn dé, mo rí bí o ṣe sáré."

"Màmá, ọlọ́pàá ló ní kí n bá òun gbé e."

"Mo gbọ́ ọ," ló wí, ó ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n tilẹ̀ ti gbé mi ga sí i. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí igi yẹn wà níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí ọlọ́pàá dá a gbé.